Ọmọ Tí Ó Pè Mí ní Tantí

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tí ó pàdé mi ní Ìbẹ̀rẹ̀kó tí kì í bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ìyá Mautin, báwo ni Àbíjàn ti rí? Ṣé ẹ rí Sẹ̀tọ́njí?" Mo máa ń dáhùn pé mo rí i, ara rẹ̀ sì le. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ bí ó ti rí gan-an, kí n má baà sọ ọ́ gùn fún ẹnì kan kí n sì gé e kúrú fún ẹlòmíràn.

Èmi jẹ́ Àwórì láti ọ̀nà Òjó. Ọkọ mi, tí ó ti di olóògbé, jẹ́ Ègùn láti Gbẹ́rẹ̀fú. Ọmọ méjì ni mo bí fún un. Mautin, obìnrin, ni ẹ̀gbọ́n. Sẹ̀tọ́njí, ọkùnrin, ni àbúrò. Nígbà tí wọ́n jáde ilé-ìwé girama, àwọn méjèèjì lọ bá àbúrò bàbá wọn ní Àbíjàn. Mautin kọ́ aṣọ rírán, Sẹ̀tọ́njí kọ́ àtúnṣe fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù. Àbúrò bàbá wọn padà wá sílé nígbà tí ó yá. Àwọn ọmọ mi dúró sọ́hùn-ún. Kò pẹ́ sí i ni Sẹ̀tọ́njí kò gbé fóònù mi mọ́. Bí mo bá bi Mautin léèrè, á ní, "Ìyá, ó wà. Kò ṣàìsàn." Bí mo bá ní kí ó gbé fóònù fún un, á ní òun ò sí nítòsí rẹ̀.

Mo mọ ohùn ọmọ mi nígbà tí ó bá ń fi nǹkan pamọ́ fún mi. Mo pinnu pé mo máa lọ mú Sẹ̀tọ́njí wálé. Bí kò bá sì ní í wá, kí n ṣáà fi etí ara mi gbọ́ kí ó pè mí ní Ìyá.

Ọ̀nà Gbájì

Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Gbájì lọ sí Sẹ̀mẹ̀ rí mọ̀ pé kí ènìyàn tó kúrò ní Nàìjíríà ni ó ti ń di àjèjì. Ibi gbogbo tí a bá dúró sí, ẹ̀ṣọ́ kan á yọ orí wọ inú ọkọ̀, á máa wo ojú wa bí ẹni ń ṣa ẹja rà.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ lọ tà?"

"Mi ò ta nǹkan kan. Ọmọ mi ni mo fẹ́ lọ wò."

"Gbogbo yín náà lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí a rékọjá ẹnubodè, Ègùn ni gbogbo ènìyàn ń sọ, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Gbẹ́rẹ̀fú. Obìnrin kan tí ó ń ta àkàsà, ẹ̀kọ funfun ńlá tí wọ́n ń fi ẹja díndín àti ata tútù jẹ, ké sí mi pé, "Ànàgó, wá jẹun!" Àwọn ará ilé ọkọ mi náà ń pè mí bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé. Ohun tí àwọn Ègùn ń pe Yorùbá nìyẹn, kò sì ní ìkà nínú lẹ́nu wọn. Mo fi Ègùn dá a lóhùn. Ó gbọ́ mi tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu.

"Ègùn tí ò ń sọ yìí, ṣé ẹja ni ó kọ́ ọ?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àkàsà náà tutù, ó dùn, ṣùgbọ́n bí mo ti ń jẹ ẹ́ ni àwọn ọmọ mi wá sí mi lọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, mo máa ń kó wọn ránṣẹ́ sí ìyá bàbá wọn ní Gbẹ́rẹ̀fú. Nígbà mìíràn ni wọ́n máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn mi ní Òjó. Orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn, abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun. Bí Mautin bá dé láti Gbẹ́rẹ̀fú, á ní, "Ìyá, báyìí ni wọ́n ń pe àgbọn lọ́hùn-ún o," á sì máa bá eré rẹ̀ lọ. Sẹ̀tọ́njí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti Gbẹ́rẹ̀fú dé, mo lè ní kí ó bu omi wá ní Yorùbá, á kàn máa wò mí bí àlejò títí màá fi sọ ọ́ ní Ègùn. Bí ó bá sì ti Òjó dé, tí ẹnì kan nínú ará ilé bàbá rẹ̀ kí i ní Ègùn, á ní òun kò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kó ilé kún ilé. Òun ń kó kúrò nínú ọ̀kan kí ó tó lè wọ òmíràn.

Ní ilé-ìwé, àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń sín wọn jẹ nítorí ohùn Ègùn tí ó wà nínú Yorùbá wọn. Mautin a máa sín àwọn náà jẹ padà títí ẹ̀rín á fi tú wọn ká. Sẹ̀tọ́njí dákẹ́. Kò la ẹnu sọ̀rọ̀ ní kíláàsì fún odidi táàmù kan. Nígbà tí ó sì máa sọ̀rọ̀, Yorùbá rẹ̀ mọ́ ju ti ọmọ Òjó lọ. Olùkọ́ wọn yìn ín gidigidi.

Etí òkun

Láti Kútọnù lọ dé Tógò ni orúkọ mi ti yí padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó tì mí ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: "Tantí, ẹ sún díẹ̀." "Tantí, ẹ gba omi." Mo bi í kí ni tantí. Ó ní ọ̀rọ̀ Faransé ni, pé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni, tàbí ti bàbá ẹni, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà, gbogbo obìnrin tí ó bá ti dàgbà ni tantí. Mo kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ nínú ọkàn mi. Nígbà tí ó yá, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ni ó ń fún mi ní ìjókòó, òun ni ó ń bá mi gbé ẹrù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ ẹ.

Ní Gánà, òkun kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fún ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú igi àgbọn tí kò yàtọ̀ sí tiwa. Ó kọ́kọ́ tù mí nínú, lẹ́yìn náà ni ó ń bà mí lẹ́rù, pé mo lè rìn tó báyìí kí omi má yàtọ̀, kí ó jẹ́ pé ọmọ mi ni ó yàtọ̀. A dúró ní ibì kan tí wọ́n ti ń ta kẹ́ńkè, àgbàdo kíkan tí wọ́n fi háhá dì, pẹ̀lú ata lílọ̀. Mo wọlé bá àwọn tí ó jókòó, mo sì ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti apá òsì. Ìyá arúgbó kan dìde, ó di èjìká mi mú, ó yí mi padà bí ọmọdé, ó sì mú mi lọ sí apá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkíni lọ́dọ̀ wọn. Mo tún gbogbo wọn kí. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì.

Ní ẹnubodè tí ó kángun sí ilẹ̀ Àbíjàn, wọ́n sọ gbogbo wa kalẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa tí kì í sọ̀rọ̀, ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀ṣọ́ gba káàdì rẹ̀, ó wò ó, ó sì ní kí ó ka orúkọ ara rẹ̀ sókè. Ó kà á. Ẹ̀ṣọ́ náà ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà, ó sì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó dúró tì mí rọra sọ pé, "Káàdì ẹlòmíràn ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é." Wọ́n mú un lọ sẹ́yìn ilé. Ọkọ̀ wa kò dúró dè é. Mo ń wo ìjókòó rẹ̀ títí tí ẹlòmíràn fi jókòó síbẹ̀.

Àbíjàn

Mautin wá pàdé mi ní ibùdókọ̀. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ kí mi nínú eruku níbẹ̀, ó dìde, ó fi Faransé bá awakọ̀ takisí jiyàn, ó fi èdè mìíràn tí n kò gbọ́ bẹ ẹni tí ó gbé ẹrù mi, ó sì fi Ègùn kí obìnrin kan tí ó ń kọjá. Ó dà bí ẹni tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn inú ilé ara rẹ̀.

Nínú yàrá rẹ̀, ó gbé àtíyékè síwájú mi, pẹ̀lú ẹja díndín àti àlùbọ́sà. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó dà bí gàrí tí wọ́n fi ooru omi sè, ṣùgbọ́n ó rọ̀ jù ú lọ. Mo jẹ díẹ̀.

"Àbúrò rẹ dà?"

"Ìyá, ẹ jẹun tán ná."

"Mo ti jẹun tán."

Ó wo abọ́ náà, ó wò mí. "Kì í jẹ́ Sẹ̀tọ́njí mọ́. Sẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń pè é. Ó sọ fún wọn pé ọmọ Àjàṣẹ́ lọ́nà Kútọnù ni òun, pé bàbá àti ìyá òun ti kú."

"Bàbá rẹ̀ ti kú lóòótọ́."

"Mo ní bàbá àti ìyá, Ìyá."

Ó wá sọ ìyókù. Àjàṣẹ́ rọrùn fún un láti mú, nítorí Ègùn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ bí ti ilé bàbá rẹ̀, ará Kútọnù sì pọ̀ ní Àbíjàn. Ọmọbìnrin kan wà tí ó fẹ́ fi ṣaya. Ànàgó ni àwọn ará ibẹ̀ náà ń pe Yorùbá, bàbá ọmọbìnrin yìí sì ní òun kò lè fi ọmọ fún Ànàgó, pé ahun ni wọ́n.

"Nítorí obìnrin ni ó ṣe pa mí?"

"Rárá o. Ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó mọ obìnrin náà." Ó ń ká aṣọ tí ó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a. "Wọ́n ń pe èmi náà ní Ànàgó níbí. Mo máa ń sọ fún wọn pé, 'Ànàgó ni mí lóòótọ́, owó iṣẹ́ mi dà?' Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sanwó. Bí wọ́n bá pe òun bẹ́ẹ̀, kò ní lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ìyá, bí aṣọ ni èmi ṣe ń wọ ìlú yìí. Bí mo bá délé, mo bọ́ ọ. Òun ò lè bọ́ ọ. Bí ó bá bọ́ ọ, kò mọ ohun tó máa kù."

"Ìwọ ńkọ́? Ta ni ó ní ìwọ jẹ́ sí òun?"

"Télọ̀. Èmi ni mo ń rán aṣọ ìyàwó. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, Faransé ni mo fi ń kí i: 'Bọ́ńjúù, Mùsíé.'"

"Ó máa ń dáhùn?"

"Ó máa ń dáhùn dáadáa."

N kò ka èyí mọ́ ìrìn mi. Mo ti múra láti dá ìlú náà lẹ́bi, mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti Gbájì wá. Ṣùgbọ́n ìlú kan náà ni ó gba àwọn méjèèjì, ọ̀kan sì kúnlẹ̀ kí mi nínú eruku.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti sanra díẹ̀, ó sì ti dá irùngbọ̀n sí bíi ti bàbá rẹ̀. Òun àti ọkùnrin kan ni wọ́n jọ ń tú ẹ̀rọ amúlétutù. Ó gbé ojú sókè, ó rí mi, ó sì rọra gbé irin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Bọ́ńjúù, Tantí," ni ó wí, ó sì tẹrí ba díẹ̀.

Ẹ máa bá mi wí bí ẹ bá fẹ́: inú mi kọ́kọ́ dùn. Láti Tógò wá ni ẹni tí ó bá pè mí bẹ́ẹ̀ ti ń fún mi ní omi. Ó tó ìgbà tí ó ti nu ọwọ́ tán kí n tó rántí pé gbogbo obìnrin tí ó bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ó ń pè ní tantí.

Ó mú wa lọ sẹ́yìn, níbi tí ariwo ẹ̀rọ pọ̀ sí, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ègùn ni ó fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Sátidé ni a máa lọ kan ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ àwọn òbí ìyàwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá."

"Ta ni ó máa jókòó sí ipò ìyá?"

"Obìnrin Àjàṣẹ́ kan. Ó ń ta epo. Ènìyàn dáadáa ni."

"Ṣé ó mọ̀ pé mo wà láyé?"

Ó ń wo ọwọ́ mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ ti tán. Ohun tí ó jáde lẹ́nu mi ni, "Sẹ̀tọ́njí, ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Tantí."

Kò sí ẹnì kankan nítòsí. Ariwo ẹ̀rọ bò wá. Síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó pè mí.

Kòkókò

Kòkókò ni wọ́n ń pe ìdána àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wọn, ìró ilẹ̀kùn tí ènìyàn kàn. Mautin gbọ́dọ̀ lọ nítorí aṣọ ìyàwó, ìyá ìyàwó sì ti gbọ́ pé ó ní àlejò. Ó ránṣẹ́ pé kí ó mú mi dání, pé èèwọ̀ ni kí a fi àlejò sílẹ̀ nínú yàrá ní ọjọ́ ayọ̀.

Mo sọ ọ́ fún Mautin láìfi bò pé bí mo bá débẹ̀, mo máa dìde, mo máa sọ ẹni tí mo jẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ bí i," ni ó wí. "Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa túmọ̀. Mi ò ní yí i."

Bàbá ìyàwó jẹ́ ọkùnrin ńlá, ẹlẹ́rìn-ín. Bí ó ti rí wa ni ó pariwo, àwọn ènìyàn sì fi ẹ̀rín gbè é. Mautin túmọ̀ rẹ̀ fún mi láìfi nǹkan bò: "Ó ní, 'Àwọn Ànàgó dé o, ẹ fi ọwọ́ bo àpò yín!'" Òun kan náà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga fún mi.

Níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sẹ̀tọ́njí, ni obìnrin Àjàṣẹ́ náà jókòó sí. Mo wò ó dáadáa. Mo wá ibi tí mo ti lè kórìíra rẹ̀. Kò múra jù, kò sọ̀rọ̀ jù. Nígbà tí kọ́là ẹ̀wù Sẹ̀tọ́njí yí, ó na ọwọ́, ó tò ó, ó sì fi ìka gbá nǹkan kúrò ní èjìká rẹ̀. Ohun tí ǹ bá ṣe náà nìyẹn.

Wọ́n bu omi fún mi. Agbẹnusọ wọn dìde, ó bi mí ní nǹkan, Mautin sì ní wọ́n ń bèèrè ìròyìn mi. Mo fi Yorùbá dáhùn pé, "Àlàáfíà ni." Ó túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo ilé ń wò mí. Mo rò pé mo ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Mautin tẹ̀ sí etí mi. "Wọn ò tíì bi yín tán, Ìyá. Níbí, àlàáfíà ni àlejò kọ́kọ́ ń dáhùn. Lẹ́yìn náà ni á wá sọ ohun tó gbé e dé."

Wọ́n ti fún mi láyè láti sọ ọ́. Àṣà wọn ni ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo dìde.

Mo wo Sẹ̀tọ́njí. Kò bẹ̀ mí, kò ṣẹ́jú. Ó di etí àga mú lọ́wọ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú àwọn tí wọ́n máa ń fà yọ nínú òkun ní Gbẹ́rẹ̀fú nígbà tí ọkọ̀ ẹja bá dojú dé, tí wọn kò tíì mọ̀ bóyá àwọn yè. Ẹni tí ó di igi mú nínú omi, a kì í já igi gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé igi onígi ni. Bí mo bá já èyí gbà, kí ni mo ní lọ́wọ́ tí màá gbé fún un? Orúkọ tí ó ti sá fún láti kékeré ni.

"Ọmọ mi ni mo wá wò," ni mo wí.

Mautin túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá ìyàwó ní Tantí ti rin ọ̀nà jíjìn, ìyá gidi ni. Ó sì bèèrè pé ọmọ mélòó ni Ọlọ́run fún mi.

"Ọ̀kan," ni mo wí. "Obìnrin ni."

Mo dúró kí Mautin túmọ̀ rẹ̀. Ó la ẹnu, kò sí nǹkan tí ó jáde. Òun tí ó ní èdè fún gbogbo ẹni tí ó wà nínú ìlú yẹn, ó dúró tì mí, omi ń dà lójú rẹ̀, kò lè rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo fọwọ́ kàn án. Ìdákẹ́jẹ́ náà ti ń pẹ́ jù, àwọn ènìyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn.

Níwájú lọ́hùn-ún ni ohùn Sẹ̀tọ́njí ti dìde, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi sí Faransé, kedere, kò sì gùn. Bàbá ìyàwó yíjú sí mi, ó gbé ìka kan sókè láti mọ̀ bóyá òun gbọ́ ọ dáadáa. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó káàánú mi, mo rí i ní ojú rẹ̀. Ó sì tún yíjú sí Sẹ̀tọ́njí, ó bi í ní nǹkan tìyanutìyanu. Sẹ̀tọ́njí fèsì díẹ̀, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a jáde sí títì ni mo tó bi Mautin kí ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí.

Ó ní bàbá ìyàwó fẹ́ mọ ibi tí àna òun ti gbọ́ èdè Ànàgó. Sẹ̀tọ́njí sì dá a lóhùn pé díẹ̀ ni òun gbọ́, pé ọjà ni òun ti kọ́ ọ.